Dídìde Lórí Ìjókòó: Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ àti Oníṣẹ́ Físíò Tuntun

Bí àrùn rọpárọsẹ̀ bá dá ènìyàn dùbúlẹ̀, tí apá kan ara rẹ̀ rọ jọwọlọ, ìgbà tí yóò tún rìn ni ojú rẹ̀ máa ń wà lọ́nà jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì lè dìde lórí àga, ìrìn kò tíì kàn án. Nítorí náà, nínú gbogbo ìmárale tí ẹ ó kọ́, dídìde àti jíjókòó nìkan ni ìwé kékeré yìí dá lé, nítorí òun ni a fi ń lọ sílé ìyàgbẹ́, òun ni a fi ń kúrò nídìí oúnjẹ, òun náà sì ni àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ máa ń kù gìrì ṣe jù.

Ẹ kọ́kọ́ wọn ìfúnpá. Bí nọ́ńbà òkè bá ju 200 lọ, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ ju 110 lọ nígbà tí aláìsàn wà ní ìsinmi, kò sí ìmárale lọ́jọ́ náà. Dókítà ni kí ẹ ké sí. Ẹ wo ìmúra rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ìró tí ìyá àgbàlagbà ró kanlẹ̀ lè kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, sílípáàsì sì ń yọ̀. Ẹ má ṣe dúró lé àgbà lórí bí ọlọ́pàá, ẹ lóṣòó níwájú rẹ̀, kí ẹ sì tọrọ ààyè: “Mà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kan orúnkún yín.”

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹsẹ̀ aláìsàn ni kí ojú tiyín máa ṣọ́. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹsẹ̀ tó le ni yóò fà sábẹ́ àga, tí yóò sì na èyí tó rọ síwájú. Bó bá wá dìde, ẹsẹ̀ kan ni yóò gbé gbogbo ẹrù, èkejì á kàn máa bá a kẹ́gbẹ́. Ẹ fi ọwọ́ yín gbé ẹsẹ̀ tó rọ sẹ́yìn, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn orúnkún ní ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, kí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ sì fara balẹ̀. Kí ẹsẹ̀ tó le wà níwájú rẹ̀ díẹ̀, kí ó má baà gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà náà ni kí aláìsàn sún ìdí síwájú, kí ó tẹ̀ síwájú láti ìbàdí títí imú rẹ̀ yóò fi dé òkè ìka ẹsẹ̀, kí ó tó nàró. Ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rù àtitẹ̀ síwájú. Ẹ gbé tábìlì sí iwájú wọn, ọkàn wọn yóò balẹ̀.

Ẹ̀yin náà, ẹ̀gbẹ́ tó rọ ni kí ẹ wà, kí orúnkún yín ti orúnkún rẹ̀ kí ó má baà yẹ̀. Ẹ má ṣe fà á lápá láé, nítorí iṣan tó yẹ kó di èjìká mú ti rọ, ẹni tó bá sì fa apá náà ti fi àìsàn kan kún òmíràn. Ẹ sọ èyí fún ọmọ tó tẹ̀lé e wá. Ìfẹ́ ni àwọn ará ilé fi ń fa èjìká yẹ̀.

Ní ti ìwọ̀n, Dókítà Thomas DeLorme, tó tọ́jú àwọn sójà tó fara pa ní Chicago lákòókò Ogun Àgbáyé Kejì, ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1945 pé ẹrù tó wúwo ní í fún iṣan lágbára, kí a sì máa fi kún un bí agbára ti ń pọ̀. Lọ́dọ̀ alárùn rọpárọsẹ̀, ara rẹ̀ ni ẹrù, gíga ìjókòó ni òṣùwọ̀n. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì gíga; nígbà tó bá dìde nígbà 10 láìfọwọ́ ti nǹkan, ẹ sọ ìjókòó kalẹ̀ díẹ̀. Àpótí ìdáná ilé ni ìdánwò ìkẹyìn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀sọ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ: bí iṣẹ́ náà kò bá mú un rárá, ẹ ò tíì fún un ní oògùn tó. Kí aláìsàn máa ka iye ìgbà tó ń dìde jáde lẹ́nu, nítorí ẹni tó ń kà kò lè sé èémí, èémí sísé sì ń gbé ìfúnpá ga. Bí òòyì bá kọ́ ọ, tàbí tí àyà bá ń dùn ún, ẹ dúró. Bó bá ń jókòó padà, kí ó rọra sọ ara kalẹ̀, kí ó má ju ìdí sílẹ̀ gbì.

Kí ó tó máa lọ, ẹ ní kí òun àti ẹni tó mú un wá ṣe é lójú yín, kí ẹ sì kọ iye ìgbà àti gíga ìjókòó sínú káàdì rẹ̀, kí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ yín lè mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.