Páálí Kò Tíì Dé: Kí Ló Ń Dá A Dúró?



Ká ní ilé ìwé tí o ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ fẹ́ kó kíláàsì yín lọ sí Faransé. Gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ ti dá fọ́ọ̀mù padà. O gbé tìrẹ fún mọ́mì, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Tọdún yìí kọ́." O bi wọ́n bóyá owó ni kò sí. Wọn ò dá ọ lóhùn. Ó lè má jẹ́ owó rárá. Ó lè jẹ́ pé páálí lẹ ń retí.

Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Páálí tí a mọ̀ nílé ni èyí tí wọ́n ń kó ìńdómì sí. Ìgbà tó yá la sọ ìwé ìgbélùú náà di páálí. Ti ayé ìsinsìnyí kì í tilẹ̀ ṣe ìwé mọ́, torí láti ìparí ọdún 2024 ni ìjọba ti ń pa káàdì tì, tí gbogbo rẹ̀ sì ń bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ wo inú ọkọ̀ 78 tó ń ti Peckham bọ̀ wá sí Bermondsey ní òwúrọ̀ kùtù. Ẹ ó rí àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń tọ́jú àgbàlagbà, àti àwọn tó ń lọ sí ilé ìwòsàn Guy's. Ọ̀pọ̀ irú wọn ló fi físà iṣẹ́ wọ ìlú yìí, físà náà sì ní ọjọ́ tí yóò kú. Kó tó kú, wọ́n ní láti kọ̀wé sí Home Office láti gba òmíràn, tàbí láti gba ìwé ìgbélùú títí láé bí wọ́n bá ti pé ọdún tí òfin sọ. Ìdúró bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí Home Office fúnra rẹ̀ kọ síta ni pé físà iṣẹ́ tí a béèrè láti inú ìlú yìí máa ń gba ọ̀sẹ̀ 8, ti títí láé lè gba oṣù 6. Ti ẹlòmíràn máa ń kọjá bẹ́ẹ̀.

Kí ló ń fà á? Ẹ̀yin tí ẹ ti dé ṣáájú ọdún 2000 ò ní gbàgbé Lunar House ní Croydon, àti bí èèyàn ṣe ń tò síwájú rẹ̀. Ní 1996, ìjọba gbé iṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ Siemens pé kí wọ́n ṣe kọ̀ǹpútà tí yóò rọ́pò fáìlì. Wọ́n ti dín òṣìṣẹ́ kù kí kọ̀ǹpútà ọ̀hún tó délẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó dé. Fáìlì wá ga bí òkè. Láti ìgbà yẹn, ọ̀nà kan náà ló ń bá yọ: ọwọ́ kéré, iṣẹ́ pọ̀, bí ti pàjáwìrì bá sì dé, ti ẹlòmíràn á sún sẹ́yìn. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní Ukraine ní 2022, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sá ogun ni wọ́n kó òṣìṣẹ́ lọ, wọ́n sì dá ètò tí èèyàn fi ń sanwó kí físà iṣẹ́ rẹ̀ lè yá dúró fúngbà díẹ̀. Mi ò jẹ́ bínú sí ẹni tí bọ́ǹbù lé nílé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dúró náà ní ọmọ.

Ètò ìsanwó yẹn ti padà. Ní 2025, £500 ni fún èsì láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 5, £1,000 ni fún èsì ní ọjọ́ iṣẹ́ kejì. Èyí gan-an ló ń ká mi lára: a jẹ́ pé iṣẹ́ náà ṣeé ṣe ní ọjọ́ kan. Owó ìwé títí láé fúnra rẹ̀ di £3,029 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní oṣù kẹrin ọdún náà, ọmọdé pẹ̀lú. Ẹ̀yin onímọ̀ ìṣirò, èló ni ti ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin? £12,116.

Òfin pàápàá kì í dúró de èèyàn. Ọdún 4 ni òṣìṣẹ́ fi ń dúró kó tó lè béèrè ti títí láé. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin 2006, ó di ọdún 5. Ní oṣù karùn-ún 2025, ìjọba tún kéde pé àwọn fẹ́ sọ ọ́ di 10. Ẹ má fi "sùúrù ni baba ìwà" dá mi lóhùn níbí o.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gé apá yìí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì. Bí ẹ bá kọ̀wé kí físà yín tó kú, abala 3C nínú Òfin Ìwọ̀lú ọdún 1971 sọ pé ẹ̀tọ́ yín kò kú. Bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ lẹ ó máa ṣe é títí èsì yóò fi dé. Bí ẹ bá jẹ́ kí ọjọ́ kọjá kí ẹ tó kọ̀wé, ààbò yẹn ò sí mọ́.

Ọ̀gá ibi iṣẹ́ lè máà mọ èyí. Ní oṣù kẹfà 2024, ilé ẹjọ́ gíga dá ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ RAMFEL pe ìjọba. Obìnrin òṣìṣẹ́ ìlera kan wà nínú ẹjọ́ náà tí wọ́n ti dá dúró lẹ́nu iṣẹ́, torí kò rí ẹ̀rí fi hàn pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣì wà. Adájọ́ ní kò bófin mu bí ìjọba kò ṣe fún irú wọn ní ẹ̀rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ọ̀gá yín bá ń ṣiyèméjì, ẹ ní kó béèrè lọ́wọ́ Employer Checking Service ti Home Office. Ìwé tí wọ́n bá fún un yóò gbè é lẹ́sẹ̀ fún oṣù 6.

Ẹ wá padà sí ọ̀rọ̀ Faransé. Ẹni tó bá kọ̀wé láti inú ìlú yìí, tó sì rìnrìn àjò lọ sókè òkun kí èsì tó dé, Home Office yóò kà á sí pé ó ti fà ìwé rẹ̀ padà. Ìwé ọmọdé náà ò yọ sílẹ̀. Bó ṣe ọjọ́ méjì ni, bó ṣe ìsìnkú bàbá ẹni ní Ìjẹ̀bú ni. Àwọn kan wà tó jẹ́ orí fóònù ni wọ́n ti wo ìsìnkú ìyá wọn, nínú yàrá ìdáná, kí wọ́n tó wọ aṣọ iṣẹ́. Nítorí náà, ìwọ ọmọ, bí mọ́mì bá ní rárá tí wọn ò sọ ìdí rẹ̀, rọra bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin mọ́mì mi, ṣé páálí ò tíì dé ni?"

Margate tí ilé ẹ̀kọ́ wa ń lọ nígbà ooru kì í ṣe òkè òkun, etí òkun lásán ni. Gbogbo ọmọ ló lè lọ. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ tíṣà kíláàsì wọn.