Òdòdó Rósì nínú Ọgbà Ilé ní Ìkẹjà àti Agége

Ilẹ̀ oko ni ilẹ̀ Agége àti Ìkẹjà ní ayé àtijọ́. Nígbà tí ojú irin tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn parí ní ọdún 1901, Agége di ibùdó àwọn olóko kòkó àti olóko obì, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú irin kó irè wọn lọ sí ọjà. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí ó ń ṣe àkóso agbègbè náà nígbà náà, ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967, Ìkẹjà bọ́ sábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó sì di olú-ìlú rẹ̀. Báyìí ni ilé àti ilé-iṣẹ́ ṣe gba ipò oko. Ní Agége títí di òní, àdúgbò kan ń jẹ́ Oko Ọba, ṣùgbọ́n ilé ni ó kún ibẹ̀.

Ilẹ̀ díẹ̀ tí ó ṣẹ́kù níwájú ilé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi símẹ́ǹtì bò pátápátá. Wọ́n ní àwọn kò ní àyè láti tọ́jú ewéko, nítorí pé àfẹ̀mọ́júmọ́ ni wọ́n ń jáde lọ sí ibi iṣẹ́, alẹ́ ni wọ́n sì ń wọlé. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a fi símẹ́ǹtì bò kò lè fa omi òjò mu mọ́. Ojú títì ni omi náà ń ṣàn lọ. Bí oòrùn bá sì mú, símẹ́ǹtì náà a gbóná janjan, ooru rẹ̀ a sì máa wọ inú ilé. Igi òdòdó tí kò fẹ́ wàhálà púpọ̀ ni irú ìdílé bẹ́ẹ̀ nílò. Rósì lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, bí a bá mọ irú èyí tí a ó gbìn àti bí a ó ti gbìn ín.

Oríṣiríṣi ni rósì. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ga, tí òdòdó ńlá kan ṣoṣo sì ń yọ ní orí ẹ̀ka gígùn. Irú àwọn wọ̀nyí ni a máa ń rí nínú ìdì òdòdó tí a ń tà fún àwọn ìyàwó tuntun. Wọ́n lẹ́wà, ṣùgbọ́n ìtọ́jú wọn kò rọrùn. Àwọn mìíràn kì í ga púpọ̀. Láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ẹ̀ka púpọ̀, wọ́n a sì rí bí igbó kékeré. Òdòdó wọn kò tóbi tó ti àwọn àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń yọ ọ́ léraléra, ara wọn sì le. Àwọn wọ̀nyí, tí a lè pè ní rósì ẹlẹ́ka, ni ó yẹ ilé ẹni tí kò ní àyè.

Kí a tó gbin rósì, ó yẹ kí a mọ ọ̀tá rẹ̀. Àìsàn kan wà tí ń mú kí àmì dúdú róbótó yọ sí ojú ewé. Ẹ̀gbẹ́ àmì náà a pọ́n bí òyìnbó ọsàn, ewé náà a sì já bọ́. Nígbà tí ó bá pẹ́, igi a kù ní ìhòòhò. Ohun tí ń fa àìsàn yìí jẹ́ ìbátan olú, ṣùgbọ́n ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Irúgbìn rẹ̀, tí ó kéré ju eruku lọ, a máa bá omi tí ó ta sókè láti ilẹ̀ bà lé orí ewé. Bí ewé náà bá wà ní tútù fún bí wákàtí méje, irúgbìn náà a hù, a sì wọ inú ewé lọ. Nítorí náà ni rósì ṣe ń jìyà ní agbègbè Èkó, níbi tí òjò ti ń pọ̀ jù lọ ní oṣù kẹfà, tí ó sì tún ń padà wá ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Kì í ṣe pé ọwọ́ olóko kò dára, ọ̀rinrin ni.

Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ William Radler, ará Wisconsin ní Amẹ́ríkà, fi ọ̀pọ̀ ọdún wá rósì tí àìsàn yìí kò ní lè borí. Kò dáàbò bo àwọn ọmọ igi rẹ̀ rárá. Ńṣe ni ó kó ewé tí ó ní àmì dúdú jọ, ó lọ̀ ọ́ kúnná, ó sì ń dà á lé wọn lórí. Èyí tí ó bá ṣàìsàn, ó sọ ọ́ nù. Èyí tí kò bá ṣe é ní nǹkan ni ó mú dání. Nínú iṣẹ́ yìí ni rósì tí a ń pè ní Knock Out ti jáde, tí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní ọdún 2000. Ẹ̀kọ́ pàtàkì ni èyí: rósì tí kò fẹ́ ìtọ́jú púpọ̀ kò ṣàdédé wà, ẹnì kan ni ó ti fi sùúrù ṣà á láàrin ọ̀pọ̀ tí kò yẹ.

Ẹni tí ń gbé Ìkẹjà tàbí Agége lè ṣe irú ìṣàyàn yìí láìná owó púpọ̀. Kí ó má ṣe ra igi nítorí òdòdó kan tí ó rí lórí rẹ̀ lẹ́bàá títì ní àkókò ọ̀gbẹlẹ̀, nítorí pé gbogbo rósì ni ó ń dára nígbà náà. Kí ó dúró di oṣù keje, kí ó sì wo ọgbà àwọn aládùúgbò. Igi tí ewé rẹ̀ ṣì pọ̀ lẹ́yìn òjò ńlá ni kí ó tọrọ ẹ̀ka lára rẹ̀. Kí ẹ̀ka náà nípọn bí pẹ́ńsù, kí ó gùn tó íǹṣì mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí a sì gé ìdí rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ojú tí ewé ti ń yọ. Kí a já àwọn ewé ìsàlẹ̀ kúrò, kí a fi ìdajì ẹ̀ka náà sínú iyanrìn tí ó tutù díẹ̀, lábẹ́ ibòòji. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ, yóò ta gbòǹgbò.

Ibi tí a ó gbìn ín ṣe pàtàkì ju ohun gbogbo lọ. Rósì ń fẹ́ oòrùn fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, pàápàá oòrùn òwúrọ̀, tí yóò tètè gbẹ ìrì lára ewé. Kò yẹ kí ó wà ní abẹ́ ìṣẹ́rọ̀ òrùlé, tàbí ní kọ̀rọ̀ tí afẹ́fẹ́ kì í dé. Kí a gbẹ́ ihò tí ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, tí ó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti símẹ́ǹtì tí àwọn kọ́lékọ́lé fi sílẹ̀ sábà máa ń wà nínú ilẹ̀ ilé tuntun. Kí a ṣà wọ́n kúrò, nítorí pé wọ́n ń sọ ewé di pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Lẹ́yìn náà, kí a bu omi kún ihò náà. Bí omi bá ṣì wà níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ilẹ̀ náà kò dára fún rósì, àfi bí a bá kó ebè gíga. Ìgbẹ́ màlúù, irú èyí tí kò ṣọ̀wọ́n nítòsí ilé ìpẹran Oko Ọba, dára láti pò mọ́ iyẹ̀pẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó ti jẹrà fún oṣù mélòó kan. Bí ó bá jẹ́ tútù, yóò jó gbòǹgbò.

Oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ni kí a gbé e sí ilẹ̀. Kí àyè ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta wà láàrin igi kan àti èkejì, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba àárín wọn kọjá. Bí ọgbà kò bá ní odi, kí a ṣọ́ra fún ewúrẹ́, nítorí pé ẹ̀gún rósì kò ní kí ó má jẹ ẹ́.

Láti ìgbà náà lọ, iṣẹ́ tí ó kù kò pọ̀. Ní àkókò ọ̀gbẹlẹ̀, kí a bu omi sí ìdí rẹ̀ ní òwúrọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí omi náà pọ̀. Kí a má ṣe wọ́n ọn sí orí ewé. Koríko gbígbẹ tí a tẹ́ sí ìdí igi kì í jẹ́ kí ilẹ̀ tètè gbẹ, kì í sì jẹ́ kí òjò ta iyẹ̀pẹ̀ sókè. Kí ó má ṣe kan ara igi, kí ikán má baà fi ibẹ̀ ṣe ọ̀nà. Ewé tí ó bá já bọ́ nítorí àìsàn, kí a gbá a jọ kí a sì dáná sun ún. Ẹni tí ó bá fi í sílẹ̀ ń tọ́jú àìsàn ọdún tí ń bọ̀. Ní ìparí oṣù kẹwàá, nígbà tí òjò ń lọ, kí a fi ọ̀bẹ mímú gé ẹ̀ka tí ó ti kú àti àwọn tí wọ́n forí gbárí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, òdòdó tuntun yóò yọ, àkókò Kérésìmesì yóò sì bá wọn lórí igi.

Bí ọgbà bá kún fún ibòòji, tàbí tí omi ń dúró níbẹ̀, kí a má ṣe fi agbára gbin rósì. Igi mìíràn wà tí a ń pè ní Hibiscus rosa-sinensis, tí ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ jẹ́ rósì ilẹ̀ Ṣáínà. Kì í ṣe rósì rárá; mọ̀lẹ́bí ilá àti ìṣápá ni. Òdòdó rẹ̀ kì í ju ọjọ́ kan sí méjì lọ, ṣùgbọ́n òmíràn a tún yọ, ó sì fara da òjò ju rósì lọ. Pèrègún pẹ̀lú wà, tí kì í wọ́wé, tí ó sì lè gbé inú ibòòji. Ṣùgbọ́n níbi tí ọmọdé bá wà, kí a ṣọ́ra fún olómi-òjò, tí òdòdó rẹ̀ pupa ràkọ̀ràkọ̀: oró wà nínú èso àti gbogbo ara rẹ̀, ó sì lè pa ènìyàn.

Àwọn àgbà ní, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í ni ni lára. Kò sí igi tí kò fẹ́ ìtọ́jú. Ẹni tí ó bá ṣe iṣẹ́ ìṣàyàn àti iṣẹ́ ilẹ̀ dáadáa ní oṣù kan yóò sinmi ní ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí ó bá fò wọ́n, ojoojúmọ́ ni yóò máa ṣe é, igi náà yóò sì tún kú mọ́ ọn lọ́wọ́.