Ríìmù Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Lo Tíúbù

Táyà ọkọ̀ tí wọ́n fún ní atẹ́gùn lánàá ti tún rọ̀ láàárọ̀ yìí. Fọkanáísà da omi ọṣẹ sí i lára, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀, kò rí ìṣó, kò rí ihò. Ìgbà tó dé etí ríìmù ni ìfófòó bẹ̀rẹ̀ sí í hó. "Ọ̀gá, táyà yín ò ṣe nǹkan kan o. Ríìmù yín ló ń jò." Kòtò ojú títì ti gbá a wọlé níbì kan, tàbí kí ìpẹtà ti jẹ ibi tí ètè táyà ń jókòó sí. Yóò ha á, yóò fi òòlù tẹ̀ ẹ́ padà, ọkọ̀ yóò sì máa lọ.

Awakọ̀ ilé wa ti mọ èyí tipẹ́: nígbà tí kò bá sí tíúbù, ríìmù àti táyà ló jọ ń di atẹ́gùn mú. Ohun tí púpọ̀ nínú wa kò tíì fojú rí ni pé kẹ̀kẹ́ ológeere náà ti gba ọ̀nà yẹn. Tíúbù ló wà nínú Raleigh tí àwọn bàbá wa gùn lọ sóko, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ ní London tàbí Houston lónìí, ó máa rí táyà tí kò lo tíúbù níbẹ̀.

Kò rọrùn kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ihò fáàfù nìkan ló wà lára ríìmù ọkọ̀. Ti kẹ̀kẹ́ sábà máa ń ní ihò sípóòkù 28 tàbí 32, kò sì sí èyí tí atẹ́gùn kò lè gbà sá jáde. Ní 1999, iléeṣẹ́ Mavic ti ilẹ̀ Faransé, pẹ̀lú Michelin àti Hutchinson tí wọ́n ń ṣe táyà, gbé ètò UST jáde fún kẹ̀kẹ́ orí òkè: wọn kò lu ihò sípóòkù kankan já sí inú ibi tí táyà ń gbé. Ó dára, owó rẹ̀ ni kò kéré. Nígbà tó ṣe, ọkùnrin kan ní ìpínlẹ̀ New York, Stan Koziatek, gba ọ̀nà tó rọrùn jù. Ó fi téèpù bo àwọn ihò náà, ó sì da oje rọ́bà sínú táyà. Bí ẹ̀gún bá gún táyà, atẹ́gùn tó ń sá jáde ló máa gbé oje náà lọ síbi ihò, yóò sì gan síbẹ̀. Ọ̀nà Stan yìí ni ọ̀pọ̀ ríìmù ń tọ̀ títí dòní.

Ẹni tó fẹ́ ra ríìmù, kó kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára táyà rẹ̀. Bí ẹ bá rí 40-622, mìlímítà 40 ni fífẹ̀ táyà. 622 ni ìwọ̀n ibi tí ètè táyà ń jókòó sí, láti òkè ríìmù dé ìsàlẹ̀. Nọ́ńbà kejì yìí ni kí ẹ dì mú, nítorí ìnṣì máa ń tan ènìyàn jẹ. Ìnṣì 28 ti Raleigh àgbà jẹ́ 635, bẹ́ẹ̀ 622 ni èyí tí wọ́n ń pè ní 29. Ẹ ò rí i pé 29 ló kéré! Ẹ má sì ronú pé ẹ lè fi téèpù sọ ríìmù Raleigh yẹn di aláìnítíúbù. Kò ní àyè tí ètè táyà yóò fi há gádígádí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí inú ríìmù ṣe fẹ̀ tó. Fún táyà 40, mìlímítà 21 sí 25 bá a mu. Táyà orí òkè tó tóbi lè gba 30.

Ibi tí àríyànjiyàn wà ni etí ríìmù. Àwọn kan ní ìkọ́ kékeré tó yọ sínú tó ń di ètè táyà mú. Etí àwọn mìíràn gún régé, kò ní ìkọ́ kankan. Èyí tí kò ní ìkọ́ rọrùn láti fi kábọ́ọ̀nù ṣe, àmọ́ ó ní òfin: atẹ́gùn inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju géèjì 72 lọ, táyà náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ó bá a mu. Ní oṣù kejì 2024, táyà yọ kúrò lórí ríìmù Thomas De Gendt, eléré kẹ̀kẹ́ ará Belgium, nínú ìdíje UAE Tour, ó sì ṣubú. Táyà 28 ló wà lórí ríìmù tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó 25, tí kò sì ní ìkọ́. Àwọn kan ní òkúta ló fà á, àwọn kan ní etí ríìmù ni. Ní tèmi, ẹni tó ń lo táyà tẹ́ẹ́rẹ́ lójú títì, kó ra èyí tó ní ìkọ́. Táyà ńlá tí atẹ́gùn rẹ̀ kò ju géèjì 25 lọ kò ní wàhálà yẹn. Ní ti àlùmíníọ́mù tàbí kábọ́ọ̀nù, bí ọ̀nà yín bá ní kòtò, ẹ ra àlùmíníọ́mù: bó bá tẹ̀, ẹ lè rọra tẹ̀ ẹ́ padà. Kábọ́ọ̀nù tó bá ti sán, kò sí òòlù tó lè tún un ṣe.

Téèpù ni ẹ̀mí ríìmù yìí. Kó fẹ̀ ju inú ríìmù lọ ní mìlímítà méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ fi sípíríìtì nu ríìmù kó gbẹ kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fà á le bí ẹ ṣe ń lẹ̀ ẹ́. Páǹpù ọwọ́ kì í sábà lè gbé ètè táyà jókòó, nítorí náà ẹ lè gbé e lọ bá fọkanáísà, àmọ́ ẹ mú irin kékeré tó ń so fáàfù kẹ̀kẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní Presta mọ́ ẹnu kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ rẹ̀ dání, kí ẹ sì dúró tì í. Ọkọ̀ ló mọ́ ọn lára. Bí ẹ bá ti gbọ́ "pà! pà!", ètè ti jókòó, kó dáwọ́ dúró. Ẹ má jẹ́ kó fi irin ìṣítáyà kan kábọ́ọ̀nù.

Oje máa ń gbẹ láàárín oṣù méjì sí mẹ́fà, ó sì máa ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí oòrùn ti mú. Ẹ mi táyà létí. Bí ẹ ò bá gbọ́ omi, ẹ tú inú fáàfù, ẹ da òmíràn sí i. Èyí tó ní amóníà, ẹ má rà á, ó ń jẹ àlùmíníọ́mù. Bí atẹ́gùn bá ń jáde nídìí sípóòkù, téèpù ti ṣí, oje kò ní tún un ṣe.

Ihò tó bá ju agbára oje lọ, ẹ ki okùn rọ́bà bọ̀ ọ́, irú èyí tí fọkanáísà ń kì bọ táyà ọkọ̀, àmọ́ kó tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí táyà bá ya, tíúbù tí ẹ gbé sínú àpò ló kù. Kí ẹ tó tì í wọlé, ẹ rọra fọwọ́ tọ inú táyà yíká: gbogbo ẹ̀gún tí oje ti ń dí ihò wọn láti ọ̀pọ̀ oṣù wá ṣì wà níbẹ̀, àwọn ló sì máa kọ́kọ́ pàdé tíúbù tuntun.