Àwọn Tó Kọ́kọ́ Dé

Lójú ọ̀nà tó gba Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù lọ sí Ọ̀fà, bí ọkọ̀ bá dànù, àwa tá à ń tajà létí títì la máa ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà nínú rẹ̀. Aṣọ ni mò ń tà ní Ìkìrun. Mo tún jẹ́ Special Marshal, ìyẹn àwa tá à ń bá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ṣiṣẹ́ láìgba owó oṣù.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ lágbègbè wa. Ní 1977, nígbà tí ìpínlẹ̀ wa, Ọ̀ṣun, ṣì wà lára Ọ̀yọ́, Wọlé Ṣóyínká wà lára àwọn tó dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá tiwọn sílẹ̀ ní 1988, òun ni alága àkọ́kọ́.

Àánú nìkan kò tó gba èèyàn là. Ẹni tó fi ọrùn tàbí ẹ̀yìn ṣèṣe, bí ẹ bá wọ́ ọ jáde bí àpò gààrí, ẹ lè sọ ọ́ di arọ. Àfi tí iná bá fẹ́ ràn, ẹ fi í síbẹ̀, kí ẹnì kan rọra di orí rẹ̀ mú. Ẹ má fún un lómi. Ojú ọgbẹ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀, aṣọ tó mọ́ ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ pinpin. Lára ọjà mi ni mo ti máa ń gé e. Kí ẹlòmíràn pe 122, nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, kí àwọn kan sì lọ dá ọkọ̀ tó ń bọ̀ dúró.

Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ bá dé, ọ̀gá wọn ló ni àṣẹ. Tiwa ni ká dá èrò padà, ká sì sọ ohun tí ojú wa ti rí. Mo máa ń kọ orúkọ ẹni tí wọ́n ti gbé lọ àti ọsibítù tí wọ́n gbé e lọ sílẹ̀. Kò yẹ kí ìyá tó ń wá ọmọ rẹ̀ máa ti ọsibítù kan bọ́ sí òmíràn kiri Òṣogbo lóru.

Tánkà epo ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ní oṣù Kẹwàá 2024, ní Majiya, ìpínlẹ̀ Jigawa, tánkà kan dojú dé, àwọn èèyàn rọ́ lọ gbọ́n epo, iná sọ, ó pa èèyàn tó lé ní 100. Apá àwọn ọlọ́pàá tó fẹ́ dá wọn dúró kò ká èrò náà. Èrò tí kò gbọ́ ti ọlọ́pàá lè gbọ́ ti ìyálọ́jà rẹ̀ tàbí ìmáàmù rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó gbé ẹ̀kọ́ ìtọ́jú àti dídá èrò padà yìí wá sí ọjà Ìníṣà àti gáréèjì Òkukù, kí ìyálọ́jà, ìmáàmù, pásítọ̀ àtàwọn ọlọ́kadà jókòó kọ́ ọ pẹ̀lú wa.