Ọkọ̀ Tó Ti Pẹ́ Nílẹ̀: Ẹ Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Ẹ Tó Yáwó



Nínú ìbẹ̀wò wa sí àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, a máa ń rí ìwé ẹ̀yáwó tí a kọ "owó àtúnṣe ọkọ̀" sí. Bí a bá wádìí, ọkọ̀ náà sábà máa ń jẹ́ Peugeot 504 tàbí Volkswagen Ìjàpá tí bàbá fi sílẹ̀, tí ó ti wà lábẹ́ igi máńgòrò láti ọdún pípẹ́. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ́ńjìnnì wọn kò ní kọ̀ǹpútà nínú. Mẹkáníìkì àdúgbò lè tú u, kí ó sì tò ó padà. Nítorí náà a kò ní kí ẹnikẹ́ni má tún tirẹ̀ ṣe. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a má kánjú.

Ọmọ ẹgbẹ́ kan ní Ọ̀yọ́ yáwó, ó ra bátìrì tuntun, ó bu epo lé èyí tó ti wà nínú táǹkì láti ọdún mẹ́jọ, ó sì ní kí wọ́n sítáàtì. Ẹ́ńjìnnì dáhùn, inú gbogbo ilé dùn. Kò pé wákàtí kan tí ó fi kú. Ìdọ̀tí táǹkì ti dí kabúrétọ̀, ìpáàrà sì ti ha inú ẹ́ńjìnnì. Owó tán, gbèsè kù. Àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì ni wọ́n san èyí tó ṣẹ́kù. Owó ilé ìwé ọmọ ni ọ̀kan nínú wọn fi san án.

Ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn ní Ògbómọ̀ṣọ́ fi Sátidé mẹ́ta yẹ ọkọ̀ tirẹ̀ wò kí ó tó kọ ìwé ẹ̀yáwó. Báyìí ni ó ṣe é:

Èkínní, ìwé ọkọ̀. Orúkọ olóògbé ló ṣì wà níbẹ̀. Ó pe àwọn ẹbí jọ, wọ́n sì fẹnu kò lórí ẹni tí yóò ni ín.

Èkejì, ẹ́ńjìnnì. Wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n kán ọ́ìlì díẹ̀ sí ihò kọ̀ọ̀kan, ó di ọjọ́ kejì. Wọ́n wá fi sípánà yí i jẹ́jẹ́. Bí ó bá yí, ìrètí wà. Bí ó bá kọ̀, ẹ má fi bátìrì fipá yí i, nítorí irin inú lè ṣẹ́. Lẹ́yìn èyí, wọ́n da ọ́ìlì àtijọ́ nù, wọ́n sì pààrọ̀ fíltà.

Ẹ̀kẹta, epo. Bí pẹtiróòlù bá pẹ́, èyí tó yára gbiná nínú rẹ̀ á fẹ́ lọ, ìyókù á sì di bí oje igi. Wọ́n fà á jáde, wọ́n fọ táǹkì àti kabúrétọ̀, wọ́n sì pààrọ̀ gbogbo róòbà epo. Róòbà tó gbó máa ń là. Epo tó bá kán sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, iná ni.

Ẹ̀kẹrin, ohun tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára. 504 ń lo omi, nítorí náà a gbọ́dọ̀ yẹ rédíétọ̀ wò bóyá ó ń jò. Atẹ́gùn ló ń tu Ìjàpá. Ẹ wo bẹ́ẹ̀tì fáànù rẹ̀, kí ẹ sì kó ìtẹ́ eku kúrò. Wáyà tí eku ti jẹ, iṣẹ́ rẹwáyà ni.

Ìkarùn-ún, bíréèkì àti táyà. Ọkọ̀ tí kò lọ, owó ló ń gbà. Ọkọ̀ tí kò dúró, ẹ̀mí ló ń gbà. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, irin inú a sì dógùn-ún. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pátápátá, àti àwọn róòbà rẹ̀. Lára táyà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn: 2319 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tó ti pẹ́ lè bẹ́ bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ dára. Ìjàǹbá ojú pópó ló mú kí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1977, ọdún mọ́kànlá kí ti ìjọba àpapọ̀ tó dé.

Nígbà tí ó parí, ó bèèrè iye owó pátì ní Gate ní Ìbàdàn, ó sì ṣírò epo mọ́ ọn, nítorí pé lítà kan ti kọjá 500 náírà kí ọdún 2023 tó parí. Owó tí ó wá yá kò tó ìdajì èyí tí ó ti ní lọ́kàn. Inú ọgbà ló ti kọ́kọ́ dán ọkọ̀ wò, lẹ́yìn náà ó wà á dé Tákíẹ́, kí ó tó wà á wá sí Ọ̀yọ́. Ó ti san gbèsè rẹ̀ tán.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó, ẹ béèrè ìwé tí mẹkáníìkì kọ àbùkù ọkọ̀ àti iye owó sí. Ẹ̀yin onídùúró, ẹ fi ojú ara yín rí ọkọ̀ náà kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Alájẹṣẹ́kù ni wá. Ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ jẹ gbogbo rẹ̀ tán.