Gbogbo Ẹ̀jẹ̀ Ìdí Kọ́ Ni Jẹ̀díjẹ̀dí

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ọ̀rọ̀ ìtìjú ni mo mú wá lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí ìtìjú yìí lè gba ẹ̀mí ènìyàn.

Ní àdúgbò wa ní Basin, ní Ìlọrin níbí, bí ẹnì kan bá fi omi kẹ́tùlù ṣan ìdí tí ó rí ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ kan kókó, kí ni yóò wí? “Jẹ̀díjẹ̀dí ni.” Yóò dá ṣúgà lẹ́bi, yóò sì ra àgbo jẹ̀dí mu. Lóòótọ́, jẹ̀díjẹ̀dí ni ó wọ́pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ibi tí a fojú sí, ọ̀nà kì í gba ibẹ̀.

Jẹjẹrẹ kan wà tí ó ń mú ihò ìdí. Kò wọ́pọ̀, ó sì ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ. Ẹ̀jẹ̀, yíyún, ìrora àti kókó ni àmì tirẹ̀ náà. Òmíràn tí ó ṣọ̀wọ́n jù ú lọ ni melanoma, tí ó lè dúdú bí jẹ̀dí tí ẹ̀jẹ̀ dì sínú rẹ̀. Jẹ̀dí kì í di jẹjẹrẹ. Jẹjẹrẹ ni ó lè jọ jẹ̀dí.

Òṣèré obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, Marcia Cross, kò fura rárá. Àyẹ̀wò tí ó ń ṣe lọ́dọọdún ni dókítà fi rí i ní 2017. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ara rẹ̀ yá, ó sì sọ ọ́ ní gbangba ní 2019 kí ojú má baà máa ti àwọn ẹlòmíràn. Àrùn yìí kan náà ni ó pa òṣèré ẹgbẹ́ rẹ̀, Farrah Fawcett, ní 2009.

Láyé àtijọ́, gígé ihò ìdí kúrò ni ìtọ́jú rẹ̀. Ní 1974 ni Dókítà Norman Nigro ti ìlú Detroit fi hàn pé oògùn pẹ̀lú ìtànṣán lè wò ó. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ aláìsàn kò nílò ọ̀bẹ mọ́, bí wọ́n bá tètè wá.

Nítorí náà, bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá, bí kókó bá le tí ó ń tóbi, tàbí bí ìgbẹ́ bá di tín-ín-rín, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, bí irú UITH tí ó wà ní Ìlọrin. Dókítà yóò wò ó, yóò fi ìka tí ó wọ ìbọ̀wọ́ yẹ inú rẹ̀ wò, ó sì lè gé ẹran díẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ẹ ń bẹ̀rù pé yóò rí ìhòòhò yín? Àwọn àáfà gbà pé àìsàn jẹ́ tulasi. Obìnrin lè béèrè dókítà obìnrin.

Kòkòrò HPV ni ó ń fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ ihò ìdí, òun náà ni ó ń fa ti ẹnu ilé ọmọ. Láti 2023 ni ìjọba Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ rẹ̀ fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Ẹ má fi du àwọn ọmọ yín.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà. Àmín.