Ìwé Kíkà Ha Ti Di Àṣà Àná Bí?

Ẹ̀sùn kan wà tí àwọn àgbà àti àwọn olùkọ́ kò dẹ́kun láti máa fi kan àwọn ọmọ ìwòyí, èyí nì ni pé wọn kò fẹ́ràn ìwé mọ́. Wọn a ní ìwé kíkà ti kúrò lóde, àti pé ẹni tí a bá rí tí ó gbé ìwé lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ìdánwò ni ó ń lé e bọ̀, ará ayé àtijọ́ ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti di orin lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Ṣùgbọ́n orin tí a ń gbọ́ lójoojúmọ́, ó yẹ kí a jókòó kí a yẹ̀ ẹ́ wò, kí a lè mọ̀ bí òtítọ́ ni ó ń sọ. Èyí ni àwa fẹ́ ṣe lónìí. Ǹjẹ́ ayé ha ṣì ń kàwé bí? Bí ó bá sì ń kà á, kí ni ó ń kà?

Kí ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì wọ ọkọ̀ èrò láti Ìyànà-Ìpájà lọ sí Ọ̀ṣòdì ní òwúrọ̀, tàbí kí ó rìn gba inú ọjà Gbági kọjá ní Ìbàdàn ní ọ̀sán. Yóò rí i pé orí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó tẹ̀ sílẹ̀, fóònù ni wọ́n sì tẹjú mọ́. Lóòótọ́, àwọn kan ń wo àwòrán, àwọn mìíràn ń gbọ́ orin, ṣùgbọ́n àwọn tí ń kàwé níbẹ̀ kò kéré. Ìyá aláṣọ tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń kọ̀wé béèrè iye owó àǹkárá láti ìlú òkèèrè kò lè ta ọjà rẹ̀ láìkàwé. Ní ayé àwọn baba wa, ẹni tí ó bá gba lẹ́tà a máa gbé e tọ akọ̀wé lọ, kí ó bá òun kà á kí ó sì bá òun fèsì. Lónìí, ọmọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń ka ogún lẹ́tà kí ó tó jẹun àárọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé iye ọ̀rọ̀ tí ojú ń rí ni a fi ń wọn ìwé kíkà, à bá wí pé ayé kò tíì kàwé tó báyìí rí.

Ṣùgbọ́n ìpápánu kì í ṣe oúnjẹ. Ẹni tí ó ń ju ẹ̀pà sẹ́nu láti àárọ̀ títí di alẹ́ ti jẹ nǹkan, kò sì tíì jókòó ti ọbẹ̀. Ìwé tí a ń sọ ni èyí tí ènìyàn ṣí láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ó bá a rìn títí dé òpin, tí ó sì ronú lé e lórí lẹ́yìn tí ó ti pa á dé. Nípa irú ìwé kíkà yìí ni a gbọ́dọ̀ bi ara wa léèrè.

Kí a tó dá àwọn ọmọ lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a rántí bí ó ti ṣe di àṣà láàrin wa. Ní oṣù Disẹ́mbà ọdún 1859 ni Àlùfáà Henry Townsend tẹ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní Abẹ́òkúta. Ọgọ́fà owó ẹyọ ni a ń ta ẹyọ kan rẹ̀, ohun tí Àlùfáà náà sì ní lọ́kàn ni pé kí àwọn ènìyàn kọ́ àtimáa wá ìmọ̀ nípa kíkà. Ìwé ìròyìn náà dópin nígbà Ìfọ́lé ọdún 1867, ṣùgbọ́n irúgbìn rẹ̀ kò kú. Nígbà tí odindi Bíbélì sì jáde ní èdè wa ní ọdún 1884, nípa iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn tí ó bá a ṣe é, ọ̀pọ̀ àgbà ni ó kọ́ A B D nítorí ìwé kan ṣoṣo yìí.

Ẹ wo ọdún 1929. Nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, tí Ọ̀gbẹ́ni I. B. Thomas jẹ́ olóòótú rẹ̀, lẹ́tà obìnrin kan tí ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, nínú èyí tí ó ń ròyìn ìgbà èwe rẹ̀ àti bí ó ti fi ẹwà rẹ̀ ṣe ayé ní ìlú Èkó. Ọ̀gbẹ́ni Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé obìnrin náà ń bẹ láàyè. Wọ́n ń kọ lẹ́tà sí olóòótú nípa rẹ̀. Ní ọdún 1930 a kó gbogbo rẹ̀ jọ di ìwé. Ta ni yóò wí pé ìwé kíkà kò bá ìgbà mu nígbà náà? Ẹ kíyè sí ohun tí ó mú un rí bẹ́ẹ̀: díẹ̀díẹ̀ ni ìtàn náà ń jáde, owó rẹ̀ kò wọ́n, ọ̀rọ̀ àdúgbò tí àwọn ènìyàn mọ̀ ni ó sì ń sọ.

Lẹ́yìn èyí ni Fágúnwà dé. Olùkọ́ ni, ọmọ Òkè-Igbó, ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, sì jáde ní ọdún 1938. Ẹni tí ó bá mọ ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ mọ̀ pé a kì í dá ka ìwé yìí ní kọ̀rọ̀. Olùkọ́ a máa kà á sókè ní kíláàsì. Ọmọ a sì gbé e délé, yóò kà á fún ìyá àgbà tí kò mọ A yàtọ̀ sí B. Ìwé kan, òǹkàwé kan, olùgbọ́ mẹ́wàá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1986, ti kọ́kọ́ túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968.

Àwọn mìíràn tẹ̀lé e. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí fún wa ní Àjà Ló Lẹrù ní ọdún 1969, ìtàn Lápàdé, ọlọ́pàá tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí kò sì lè fi ọ̀daràn sílẹ̀. Akínwùmí Ìṣọ̀lá fún wa ní Ó Le Kú ní ọdún 1974, ìtàn Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ń wá ìyàwó láàrin ọmọge mẹ́ta. Ní ọdún 1997, Túndé Kèlání sọ ìwé yìí di sinimá. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Ìró kúkurú àti bùbá irú èyí tí àwọn ọmọge ń wọ̀ ní àwọn ọdún 1970 tún padà wọ òde, orúkọ ìwé náà ni a sì fi ń pè é, Oleku. Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè bóyá ìwé lè bá oge rìn, ẹ wo bí ìwé ti sọ aṣọ lórúkọ!

Wàyí o, kí ni ayé ń kà lónìí? Ìwé ẹ̀sìn ni ó ṣáájú. Bíbélì, Al-Kùránì, ìwé orin, ìwé àdúrà àti àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí a ń kà ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ó wà nínú ilé tí kò sí ìwé mìíràn. Àwọn tí ń kà wọ́n kì í ka ojú ìwé. A máa kà á lákàtúnkà, èyí sì ni ọ̀nà tí ó dára jù láti kàwé.

Ìwé ìdánwò ni ó tẹ̀lé e. Ìgbìmọ̀ JAMB a máa yan ìwé ìtàn kan tí gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ wọ yunifásítì gbọ́dọ̀ kà. Ní ọdún 2025, The Lekki Headmaster tí Kabir Alabi Garba kọ ni. Àwọn tí ń ṣe ìdánwò yìí lọ́dọọdún lé ní mílíọ̀nù kan. Òǹkọ̀wé wo ni kò ní fẹ́ irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n pàṣán ni ó lé ọ̀pọ̀ wọn dé ìdí ìwé náà. Bí ìdánwò bá ti parí, ìwé a di ti àbúrò, tàbí kí ó di ìwé tí a fi ń pọ́n ẹ̀pà.

Ẹ̀kẹta ni àwọn ìwé tí àwọn ọmọ wa fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ. Lọlá Ṣónẹ́yìn kọ ìwé nípa àwọn ìyàwó Baba Ṣẹ́gi ní Ìbàdàn, ó jáde ní ọdún 2010. Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ kọ Stay With Me ní ọdún 2017, Iléṣà ni ìtàn náà sì ti ṣẹlẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń ra àwọn ìwé wọ̀nyí, wọ́n ń ya àwòrán ẹ̀yìn ìwé fi han ọ̀rẹ́, wọ́n sì ń jiyàn lé wọn lórí. Ní ọdún 2013 ni Lọlá Ṣónẹ́yìn yìí kan náà dá àjọ̀dún ìwé Aké sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, kí ó tó di ti Èkó ní ọdún 2018. Láàrin irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀, ìwé kíkà kì í ṣe ohun ìtìjú, fáàrí ni.

Ẹ̀kẹrin ni ìtàn tí ń jáde díẹ̀díẹ̀ lórí fóònù, tí ọ̀rẹ́ ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, tí oníkálukú sì ń béèrè pé, “Èyí tí ó kù ńkọ́?” Àwọn àgbà kan ń pẹ̀gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n Akéde Èkó ni èyí, aṣọ ni ó pààrọ̀. Ohun tí ó yẹ kí a bẹ̀rù nípa rẹ̀ ni pé kò ní àká. OkadaBooks, ilé ìtàwé orí fóònù tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013, ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní ọdún 2023. Ìwé tí ó wà nínú àpótí ìyá wa kì í ti ìlẹ̀kùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn wá jù ni ti ìwé Yorùbá. Ìròyìn ní èdè wa kò tíì di aláìrí: Aláròyé tí Aláò Adédayọ̀ dá sílẹ̀ fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1996, BBC pẹ̀lú sì ṣí abala Yorùbá ní ọdún 2018. Ṣùgbọ́n Adébáyọ̀ Fálétí kú ní ọdún 2017, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ní ọdún 2018, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ní ọdún 2019. Láàrin ọdún mẹ́ta, igi ńlá mẹ́ta wó nínú igbó. Ìwé wọn ń bẹ, ṣùgbọ́n ta ni yóò kà wọ́n? Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ní ọdún 2018 pé kí a máa kọ́ èdè Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́. Ìjọba Àpapọ̀ fi ọwọ́ sí i ní ọdún 2022 pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ní ọdún 2025 a yí ìpinnu náà padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá ń dúró de Ìjọba kí ọmọ rẹ̀ tó lè ka èdè baba rẹ̀ yóò dúró pẹ́.

Ìpalára rẹ̀ kò sì mọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin oníṣòwò, bí ìyá kan bá kọ̀wé sí ẹnìkejì rẹ̀ láìfi àmì sí i pé “oko mi ti de,” kí ni ẹni náà yóò gbà á sí? Ọkọ̀ tí ó kó ẹrù wá ni, tàbí ọkọ tí ó fẹ́ ẹ? Bí ó bá sì kọ “owo,” owó ni, tàbí ọwọ́, tàbí òwò, tàbí ọ̀wọ̀? Ẹni tí ó ń ka ìwé Yorùbá dáradára ni yóò mọ̀ ọ́n kọ dáradára.

Nítorí náà, ìdáhùn wa ni pé ìwé kíkà kò kúrò lóde. Àwa àgbà ni a kò jẹ́ kí àwọn ọmọ rí ìwé lọ́wọ́ wa. Ohun tí àwọn ẹni iyì bá ń ṣe ní gbangba ni ó ń di àṣà. Ọmọ tí kò rí baba rẹ̀ kí ó ka ìwé rí, bí a bá nà án títí, ohun tí yóò mọ̀ ni pé ìyà ni ìwé.

Ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Ìkíní, kí ilé kọ̀ọ̀kan máa ka ojú ìwé méjì sókè ní alẹ́, kí ọmọ kà á kí ìyá àti baba sì gbọ́. Bí ọmọ bá ṣi ohùn pè, kí a tọ́ ọ sọ́nà láìfi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìkejì, ẹ̀yin ẹgbẹ́ tí ẹ ń dá aṣọ lọ́dọọdún, ẹ dá ìwé kan pẹ̀lú. Kí gbogbo ẹgbẹ́ ra ìwé kan náà, kí ẹ sì jíròrò lé e lórí ní ọjọ́ ìpàdé. Ìkẹta, ẹ̀yin olówó wa tí ẹ ń pín ike àti abọ́ níbi ìnáwó, ẹ gbìyànjú kí ẹ pín ìwé lẹ́ẹ̀kan. Ike yóò fọ́. Ẹni tí ó bá gba ìwé yóò rí orúkọ yín nínú rẹ̀ fún ogún ọdún. Ìkẹrin, ẹ má ṣe ra ìwé ayédèrú, nítorí ẹni tí ó bá rà á ti já oúnjẹ gbà lẹ́nu òǹkọ̀wé. Ẹ̀yin ilé ìtẹ̀wé, ẹ̀yin náà ẹ ṣàánú wa, kí ẹ máa tẹ ìtàn jáde ní ìwé pẹlẹbẹ tí owó rẹ̀ kò ju agbára mẹ̀kúnnù lọ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí Sẹ̀gilọlá kà lọ́jọ́ sí.

Títí di ọ̀sẹ̀ mìíràn, a ń bẹ̀ yín kí ẹ wá ìwé kan nínú àpótí yín, kí ẹ gbọn eruku rẹ̀ nù, kí ẹ sì pe ọmọ kan wá jókòó tì yín.